Ìlera Ìdílé: Ṣé Lóòótọ́ Ni X-ray Ń Mú Ẹ̀jẹ̀ Gbẹ?

 

Lẹ́tà kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ arábìnrin wa kan ní Ẹ̀pẹ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, ọkàn mi kò sì balẹ̀ títí mo fi jókòó láti dáhùn rẹ̀. Apẹja ni ọkọ rẹ̀. Ó ti ń wúkọ́ fún oṣù méjì báyìí. Ó ń rù, òógùn sì máa ń bò ó lóru bí ẹni tí òjò pa. Wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn, dókítà sì ní kí ó mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wá fún àyẹ̀wò, kí ó sì lọ ya X-ray àyà. Nígbà tí ọkùnrin yìí dé etí omi tí ó sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ní kí ó má dán an wò. Wọ́n ní X-ray ń mú ẹ̀jẹ̀ gbẹ. Wọ́n ní ọkùnrin tó bá yà á kò ní lè bímọ mọ́. Ó ká ìwé dókítà, ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí.

Kò tán síbẹ̀. Arábìnrin yìí fúnra rẹ̀ lóyún oṣù mẹ́rin. Nọ́ọ̀sì ní kí ó lọ ya síkáànù, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ rẹ̀ ní iná tó wà nínú ẹ̀rọ náà yóò jó ọmọ inú rẹ̀. Ìbéèrè tó fi parí lẹ́tà rẹ̀ nìyí: "Mọ́mì, ṣé kí a lọ ni, àbí kí a dúró de Olúwa?"

Ìdáhùn mi kúrú. Ẹ lọ, kí ẹ sì máa dúró de Olúwa bí ẹ ti ń lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìdáhùn kúkúrú kì í lé ìbẹ̀rù jáde. Ẹ jẹ́ kí a jọ tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀, nítorí kì í ṣe ilé arábìnrin yìí nìkan ni ó ti ń ṣẹlẹ̀.

Ó ti ṣẹlẹ̀ nílé wa rí. Nígbà tí mo ṣì kéré, bàbá mi yọ̀ ṣubú níbi tí wọ́n ti ń kó ẹja sílẹ̀ nínú ọkọ̀, itan wọn sì kán. Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ gbé wọn lọ ní kí wọ́n ya X-ray. Àwọn ẹbí kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó kù lára wọn ni ẹ̀rọ náà yóò fà tán. Wọ́n gbé wọn lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun. Bàbá yẹn ṣe ìwọ̀n tó mọ̀, ṣùgbọ́n ojú ènìyàn kì í ríran wọ inú ẹran ara. Kò mọ̀ pé eegun náà ti gun ara wọn lórí. Ó jinná lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó wọ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún bàbá mi kúrú ju ti òsì lọ títí wọ́n fi lọ bá Olúwa, wọn kò sì lè wọ ọkọ̀ lọ sódò mọ́. Kò sí ọ̀tá kankan tó ṣe é fún wa. Àìmọ̀ ni. Wòlíì Hóséà ti kìlọ̀ tipẹ́ pé àìsí ìmọ̀ lè pa àwọn ènìyàn Ọlọ́run run (Hóséà 4:6).

KÍ NI X-RAY GAN-AN?

Oríṣi ìmọ́lẹ̀ kan ni, tí ojú wa kò lè rí. Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 1895, ní ìlú Würzburg ní ilẹ̀ Jámánì, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Wilhelm Röntgen ṣàkíyèsí pé ìtànṣán kan ń jáde láti inú ẹ̀rọ tó fi ń ṣe ìwádìí, ó sì ń gba inú páálí dúdú kọjá. Kò mọ orúkọ tí yóò pè é, ló bá pè é ní X, bí àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń pe ohun tí wọn kò tíì mọ̀ nínú ìṣirò. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, ó fi ya ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Eegun ìka obìnrin náà hàn, òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ sì hàn pẹ̀lú. Ní 1901, wọ́n fún Röntgen ní ẹ̀bùn Nobel.

Ìtànṣán yìí máa ń gba inú ẹran ara kọjá, ṣùgbọ́n eegun ń dá púpọ̀ nínú rẹ̀ dúró. Òjìji tí eegun àti ẹ̀dọ̀fóró bá jù sórí fíìmù ni dókítà ń kà. Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá dúró sínú oòrùn tí òjìji yín bọ́ sára ògiri, ṣé ẹ̀jẹ̀ yín dínkù? Ẹ̀rọ X-ray kò ní abẹ́rẹ́, kò sì ní ibi tí ó fi ń fa ẹ̀jẹ̀. Iná mànàmáná ló ń lò. Wọn yóò tẹ bọ́tìnnì, ìtànṣán yóò jáde, yóò sì ti parí kí ẹ tó ṣẹ́jú. Bí wọ́n bá ti pa á, ó tán. Kò kù sínú yàrá, kò kù sára aṣọ, kò kù sínú ara aláìsàn. Bàbá tó ti ibẹ̀ dé lè gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó sì lè bá ìyàwó rẹ̀ jẹun nínú àwo kan náà, bí ó bá jẹ́ ti X-ray ni.

Mo rò pé mo mọ ohun tó fa ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ yìí. Ẹni tí wọ́n bá ní kó lọ ya X-ray ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀. Ó ti ń rù, ojú rẹ̀ ti funfun. Wọ́n sì lè gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò lọ́jọ́ kan náà. Bí ó bá délé tí ara rẹ̀ kò le, àwọn ará ilé yóò ní, "Ṣé ẹ rí i? X-ray náà ni." Àìsàn ló ṣe é, X-ray ni wọ́n fi ṣẹ̀sùn.

BÁWO NI ÌTÀNṢÁN NÁÀ TI PỌ̀ TÓ?

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé ìtànṣán yí wa ká lójoojúmọ́. Ó ń ti ojú ọ̀run wá. Ó ń ti inú ilẹ̀ wá, àti inú òkúta tí a fi kọ́lé. Ó wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀wà tí à ń jẹ, díẹ̀ sì wà nínú ara àwa fúnra wa. Bí Ọlọ́run ti dá ayé nìyẹn. Àwọn onímọ̀ ń fi ìwọ̀n kan tí à ń pè ní millisievert wọ̀n ọ́n. Bí a bá kó gbogbo ayé pọ̀, nǹkan bí 2.4 ni ènìyàn kọ̀ọ̀kan ń gbà lọ́dún láìtíì fẹsẹ̀ kan ilé ìwòsàn.

X-ray àyà kan ńkọ́? Nǹkan bí 0.1 ni, ó sì sábà máa ń kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé ohun tí apẹja wa yóò gbà nínú X-ray àyà kò ju ohun tó ń gbà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó bá jókòó sílé rẹ̀ lọ.

Ní ti ọmọ bíbí, àyà ni wọ́n máa ń dojú ẹ̀rọ náà kọ, kì í ṣe abẹ́. Kí ìtànṣán tó lè dín agbára àtọ̀ ọkùnrin kù fún ìgbà díẹ̀, ó ní láti tó nǹkan bí 150 ní irú ìwọ̀n yìí, kí ó sì bọ́ sójú abẹ́ gan-an. Ẹ fi 150 wé 0.1. Ó ju ìlọ́po ẹgbẹ̀rún lọ. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe X-ray àyà ló ń dá ọmọ dúró.

IBI TÍ ÌBẸ̀RÙ TI WÁ

N kò ní sọ fún yín pé ìbẹ̀rù yìí kò ní orísun kankan. Irọ́ ni ìyẹn yóò jẹ́, irọ́ kò sì yẹ onígbàgbọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, àwọn tó kọ́kọ́ ń lo X-ray kò mọ agbára rẹ̀. Wọ́n ń ki ọwọ́ ara wọn bọ iwájú ẹ̀rọ lójoojúmọ́ láti wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Clarence Dally, tó ń bá Thomas Edison ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ṣe bẹ́ẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi bàjẹ́. Wọ́n gé ọwọ́ náà, síbẹ̀ jẹjẹrẹ pa á ní 1904. Ní 1936, wọ́n gbé òkúta ìrántí kan kalẹ̀ ní Hamburg ní Jámánì fún àwọn dókítà, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ tí irú iṣẹ́ yìí ti pa. Orúkọ tó wà lórí rẹ̀ ju 100 lọ.

Ikú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ló kọ́ ayé lọ́gbọ́n. Ọwọ́ ìyàwó Röntgen gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 lábẹ́ ìtànṣán kí àwòrán rẹ̀ tó jáde. Lónìí, kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ ti dára sí i, òfin ti wà, ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Àwọn kan yóò bèèrè pé, "Bí kò bá léwu, kí ló dé tí ẹni tó ń yà á fi ń sá sẹ́yìn ògiri?" Ìbéèrè gidi ni. Ẹ wo ìyá tó ń yan ẹja ní Ẹ̀pẹ́. Ojoojúmọ́ ló wà nídìí èéfín, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń wúkọ́. Ìwọ tí o wá ra ẹja fún ìṣẹ́jú díẹ̀, èéfín kan ọ́ lójú, o sì bá tìrẹ lọ. Bí ìyá yẹn bá wá ọ̀nà láti yẹra fún èéfín, ṣé ó fi hàn pé ẹja tí o rà yóò pa ọ́? Ẹni tó ń ya X-ray lè ya ogójì ènìyàn ní òòjọ́, lójoojúmọ́, fún ọgbọ̀n ọdún. Bí kò bá sá sẹ́yìn ògiri, díẹ̀díẹ̀ yóò di púpọ̀ sí i lára. Ìwọ yà á lẹ́ẹ̀kan, o sì bá tìrẹ lọ.

ṢÉ MÍLÍÌKÌ Ń FỌ ÌTÀNṢÁN KÚRÒ?

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní Ìkòròdú ju ibikíbi lọ. Bí ènìyàn bá ti ya X-ray tán, wọn yóò ní kó ra mílíìkì agolo kan mu kó lè fọ àyà rẹ̀. Kò sí ohun tí mílíìkì fẹ́ fọ̀, nítorí kò sí ohun tó kù nínú ara. Ẹ wò ó bí ẹni pé ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì tàn sí ènìyàn lójú, tí wọ́n wá pa tọ́ọ̀ṣì, tí ó wá ń wẹ̀ láti fọ ìmọ́lẹ̀ náà kúrò.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ èyí tí yóò yà yín lẹ́nu. Nígbà tí ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ti Chernobyl bú gbàmù ní ilẹ̀ Soviet ní 1986, ohun tó gbé ìtànṣán wọ inú ọ̀pọ̀ àwọn ọmọdé ni mílíìkì. Eruku búburú bọ́ sórí koríko, màlúù jẹ koríko, àwọn ọmọ mu mílíìkì màlúù, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní jẹjẹrẹ ẹṣẹ́ ọrùn tí à ń pè ní thyroid lẹ́yìn náà. Ọ̀rọ̀ Chernobyl yàtọ̀ sí ti X-ray pátápátá, nítorí eruku tó ń tú ìtànṣán jáde wọ inú ara àwọn ènìyàn, ẹ̀rọ X-ray kò sì fi ohunkóhun sínú ara. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé mílíìkì kì í ṣe oògùn ìtànṣán. Bí ẹ bá fẹ́ mu mílíìkì, ẹ mu ún nítorí pé ó dùn.

Àgbọ́sọ kì í ṣe ohun eré. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí Ebola wọ Èkó, ẹnì kan tan ọ̀rọ̀ ká lórí fóònù pé kí gbogbo ènìyàn mu omi iyọ̀ kí wọ́n sì fi wẹ̀. Àwọn onígbàgbọ́ wà nínú àwọn tó jí ara wọn lóru láti ṣe é. Ó kéré tán, ènìyàn méjì ló kú nípasẹ̀ omi iyọ̀ náà, gẹ́gẹ́ bí àjọ ìlera àgbáyé ti sọ. Ebola kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Àgbọ́sọ ló pa wọ́n.

SÍKÁÀNÙ KÌ Í ṢE X-RAY

Nísinsìnyí mo ń bá ìyá ọkọ sọ̀rọ̀. Mọ́mì, ẹ kú ìtọ́jú. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ọmọ-ọmọ yín ló ń mú yín sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n síkáànù aboyún kò ní iná nínú, kò sì ní ìtànṣán X-ray kankan. Ìró ohùn ló ń lò, ohùn tó ga ju èyí tí etí wa lè gbọ́ lọ. Àwọn ọkọ̀ ojú omi ńláńlá tó ń pẹja ní òkun ní ẹ̀rọ tó ń ju ohùn sísàlẹ̀ omi. Ohùn náà yóò kan ẹja, yóò sì padà wá, wọn yóò sì mọ ibi tí ẹja wà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni síkáànù ń ṣe. Ohùn lọ, ó kan ọmọ, ó padà wá, ẹ̀rọ sì fi ya àwòrán. Dókítà Ian Donald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Glasgow ló gbé iṣẹ́ yìí jáde ní 1958, lẹ́yìn tí wọ́n ti rí irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá ibi tí irin ti sán.

Kí ni síkáànù lè fi hàn? Bí ọmọ bá ju ẹyọ kan lọ. Bí olóbì bá dí ojú ọ̀nà tí ọmọ yóò gbà jáde. Ìyẹn lè pa ìyá lọ́jọ́ ìbímọ bí kò bá sí ẹni tó mọ̀ ṣáájú. Àjọ ìlera àgbáyé sọ ní 2016 pé kí gbogbo aboyún ya síkáànù ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 24. Oyún oṣù mẹ́rin ti arábìnrin wa wà ní àkókò rẹ̀ gan-an.

Ṣùgbọ́n mo ní ìkìlọ̀ kan. Kò dára kí a sọ síkáànù di eré, kí a máa yà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Owó ni ẹ ń ná, ẹlòmíràn tí kò kọ́ṣẹ́ sì lè ka ohun tí kò rí fún yín.

Ẹ̀rọ mìíràn tún wà tó ń jẹ́ MRI. Òun náà kò ní ìtànṣán X-ray. Òòfà ńlá ló ń lò. Ewu tirẹ̀ ni irin: kọ́kọ́rọ́, yẹtí, tàbí irin tí wọ́n fi sínú ara níbi iṣẹ́ abẹ. Gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ sọ kí ẹ tó wọlé.

BÍ O BÁ LÓYÚN, TÍ WỌ́N SÌ NÍ X-RAY

Ibí yìí ni ìṣọ́ra tòótọ́ wà. Ní 1956, dókítà obìnrin kan ní Oxford, Alice Stewart, bẹ̀rẹ̀ sí fi hàn pé àwọn ọmọ tí wọ́n ya X-ray ikùn ìyá wọn nígbà tí wọ́n wà nínú oyún ń ní jẹjẹrẹ ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́, ṣùgbọ́n òtítọ́ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nítorí náà ni a kì í fi X-ray wo ọmọ inú mọ́, síkáànù la fi ń wò ó.

Arábìnrin, bí o bá lóyún, tàbí bí nǹkan oṣù rẹ bá ti yẹ̀, sọ ọ́ kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnnì. Má tijú. Má sọ pé ọkọ rẹ kò tíì mọ̀. Sọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ X-ray ọwọ́, eyín tàbí àyà ni, ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ kéré gan-an, dókítà sì lè ní kí ẹ tẹ̀síwájú. Bí ó bá jẹ́ ti ikùn ni, yóò rò ó dáadáa.

Bí o bá ti yà á kí o tó mọ̀ pé o lóyún ńkọ́? Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìbẹ̀rù mú ọ ṣẹ́ oyún. Lẹ́yìn Chernobyl, ìbẹ̀rù gba ilẹ̀ Gíríìsì kan, bẹ́ẹ̀ ìtànṣán tó dé ọ̀dọ̀ wọn kéré. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ṣírò rẹ̀ ní 1987 pé nǹkan bí 2,500 oyún tí àwọn òbí fẹ́ ni wọ́n ṣẹ́ nítorí ìbẹ̀rù nìkan. Ìtànṣán kò fọwọ́ kan àwọn ọmọ yẹn. Àwọn onímọ̀ ìtànṣán ní àgbáyé fẹnu kò pé bí ohun tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ kò bá tó 100 ní irú ìwọ̀n tí mo sọ lókè, kì í ṣe ìdí láti ba oyún jẹ́. X-ray lásán kì í dé ìdajì rẹ̀. Lọ bá dókítà, kí ó ṣírò rẹ̀ fún ọ.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢỌ́

Ìtànṣán kékeré ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òdo. Nítorí náà, a kì í yà á láìnídìí. Ẹ fi àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́kàn:

1. Ẹ bèèrè ìdí. Ẹ sọ fún dókítà pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ni ẹ fẹ́ wò níbẹ̀?" Dókítà rere kì í bínú sí ìbéèrè yìí.

2. Ẹ tọ́jú fíìmù yín. Bí ẹ bá ti Ìkòròdú yà á, tí wọ́n wá ní kí ẹ lọ sí Èkó, ẹ mú un dání kí wọ́n má baà tún yà á lẹ́ẹ̀kejì.

3. Ẹ mọ ìyàtọ̀ láàárín X-ray lásán àti CT, èyí tí aláìsàn máa ń sùn wọ inú ihò rẹ̀. CT orí tó nǹkan bí 2 ní ìwọ̀n wa. Ti ikùn lè tó 8 tàbí 10, bí ìtànṣán ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Bí ọ̀kadà bá gbá ènìyàn, tó fi orí lulẹ̀, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì, CT lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ṣùgbọ́n a kì í yà á nítorí orí fífọ́ ọjọ́ kan, pàápàá fún ọmọdé.

4. Ẹni tó ń ṣàìsàn nìkan ni kó wọ yàrá náà. Bí ọmọdé bá ní láti ní ẹni tí yóò dì í mú, kí onítọ̀hún wọ aṣọ òjé, kó má sì jẹ́ aboyún.

5. Ẹ wo ibi tí ẹ ti ń yà á. Láti 1987 ni òfin ti dá ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn tó ń ya X-ray sílẹ̀ ní Nàìjíríà kalẹ̀. Òfin ìtànṣán jáde ní 1995, àjọ NNRA tó ń mójú tó o sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2001. Ẹni tó ń yà á gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí, ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ tì, àmì ìkìlọ̀ ewé mẹ́ta sì gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí sílẹ̀ gbayawu tí wọ́n ń yà á, ẹ kúrò níbẹ̀.

ÌGBÀGBỌ́ ŃKỌ́?

Àwọn kan yóò ní lílọ ya X-ray fi hàn pé a kò gba Ọlọ́run gbọ́. Mo gbà pé Jésù ń wo aláìsàn sàn títí di òní, mo ti rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí Hesekáyà ṣàìsàn dé ojú ikú, tí Olúwa sì ti gbọ́ àdúrà rẹ̀, Aísáyà ṣì ní kí wọ́n fi ìṣù èso ọ̀pọ̀tọ́ lé ojú eéwo náà (2 Ọba 20:7). Lúùkù tó kọ ìwé ìhìnrere, oníṣègùn ni (Kólósè 4:14). Ẹ tún rántí àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá. Jésù ní kí wọ́n lọ fi ara wọn han àlùfáà (Lúùkù 17:14). Àlùfáà ni ẹni tó ń yẹ ara wò nígbà yẹn láti jẹ́rìí pé àrùn ti lọ. Jésù kò bẹ̀rù àyẹ̀wò. Iṣẹ́ tí Ọlọ́run bá ṣe lè dúró níwájú fíìmù.

X-ray kì í dá àìsàn sílẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ló ń fi hàn. Ìwé dókítà kì í ṣe èpè tí a ó máa sọ pé "mo kọ̀ ọ́". Bí ilé bá ń jò, tí ẹnì kan fi ibi tó ti ń jò hàn wá, ṣé a ó bá a jà?

Ẹ̀yin olùṣọ́ àgùntàn wa, mo fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀ yín. Bí ọmọ ìjọ bá mú ìwé X-ray wá fún àdúrà, ẹ gbé ọwọ́ lé e, ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì bèèrè ọjọ́ tí yóò lọ.

SÍ ARÁBÌNRIN WA NÍ Ẹ̀PẸ́

Ikọ́ oṣù méjì, rírù, òógùn òru: n kò lè sọ láti orí ìwé pé ohun báyìí ló ń ṣe ọkọ rẹ. Ṣùgbọ́n àmì tí dókítà máa ń wò fún ikọ́ ife nìyẹn, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní tíbì. Ikọ́ tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, kí ènìyàn lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè 30 tí àrùn yìí pọ̀ sí jù láyé. Àjọ ìlera àgbáyé ti sọ pé ẹnì kan tí kò gba ìtọ́jú lè kó o ran ènìyàn 5 sí 15 láàárín ọdún kan, nípa ikọ́ àti atẹ́gùn inú yàrá kan náà. Ta ni àwọn yẹn? Ìwọ tí o lóyún, ìyá rẹ̀ tó ti dàgbà, àwọn tó ń jókòó tì í nínú ọkọ̀ àti nínú ìjọ.

Ìròyìn ayọ̀ náà nìyí. Oògùn rẹ̀ wà. Oṣù mẹ́fà ni a sábà fi ń lò ó, ọ̀fẹ́ sì ni ní àwọn ibi ìtọ́jú ìjọba. Ilé ìwòsàn gbogbogbò ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Ẹ̀pẹ́, ó wà ní Àgbọ̀wà, ó wà ní Ìjẹ̀dè, ó sì wà ní Ìkòròdú. Bí X-ray bá wọ́n yín lówó, kí ó kọ́kọ́ lọ ṣe ti kẹ̀lẹ̀bẹ̀, kí ẹ sì sọ fún ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ ìjọ.

Nítorí náà, ẹ yọ ìwé yẹn lábẹ́ ìrọ̀rí lálẹ́ òní. Ka ojú ìwé yìí sí ọkọ rẹ létí. Bí ó bá ṣì ń bẹ̀rù, sọ fún un pé ìyá kan wà tí bàbá tirẹ̀ fi ẹsẹ̀ kúkúrú rìn dé ibojì nítorí fọ́tò tí kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ẹ jọ lọ láàárọ̀ ọ̀la. Kó o lọ ya síkáànù tìrẹ pẹ̀lú. Kí ẹ sì kọ̀wé sí mi padà, kí n lè bá yín dúpẹ́.

Àdúrà wa: Baba, mú ìbẹ̀rù tí kò ti ọ̀dọ̀ Rẹ wá kúrò nínú àwọn ilé wa. Fún wa ní ìmọ̀, kí o sì fi ọwọ́ Rẹ tó ń wòsàn kan arákùnrin wa yìí. Pa oyún inú ìyàwó rẹ̀ mọ́ títí yóò fi gbé ọmọ náà wá sí ilé Rẹ fún ìdúpẹ́. Ní orúkọ Jésù ni a gbàdúrà. Àmín.